Ẹ̀ṣọ́ Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Ẹ́nsáìmù Kan láti Ìbàdàn dé Èkó

Ìfáárà

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Àwọn tí ó mọ̀ mí mọ̀ pé oríkì, ìjálá àti ìtàn àròsọ ni mo máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Nítorí náà, ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹ̀jẹ̀ ni mo yàn lónìí, àti pé ohun kan tí ojú lásán kò lè rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni mo fẹ́ pìtàn rẹ̀. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé ìtàn ni ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn kò sì mọ ààlà ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Èkejì ni pé apá kan tí ó ṣe kókó nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá, síbẹ̀ a kò tíì sọ ọ́ délẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àìsọ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga tàbí ti ògo tí ó bọ́ lọ́wọ́ wa nìkan. Ó lè pa ọmọ.

Mo ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni n ó sọ bí àwọn onísáyẹ́ǹsì òkè òkun ṣe rí wọn, àti ohun tí a ṣe ní Ìbàdàn tí ó sọ ìtàn náà di tiwa. N ó wá mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Èkó, sínú àpótí aṣọ àwọn ìyá wa. Ìparí rẹ̀ ni n ó fi sọ ohun tí mo rò pé ó kan èdè.

Ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀

Ohun tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní kókó inú, èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù fi ń ṣe ohun èlò tuntun fún ara wọn. Ohun tí ó bá gbé jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun ni yóò lò títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ọjọ́ náà kì í sì í ju nǹkan bí 120 lọ. Ó dà bí arìnrìn-àjò tí ó di oúnjẹ gbogbo ọ̀nà sẹ́rù nígbà tí ó ń kúrò nílé.

Ẹrù tí sẹ́ẹ̀lì yìí ń rù ni ó tún jẹ́ ewu fún un. Ọ́síjìn ni a fi ń wà láàyè, ọ́síjìn kan náà ni ó ń mú kí irin dípẹtà, tí ó ń mú kí epo kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, díẹ̀ nínú ọ́síjìn náà máa ń yí padà di ohun líle tí ń ba ara jẹ́. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Bí kò bá sí ẹ̀ṣọ́, sẹ́ẹ̀lì náà yóò bẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ẹ̀ṣọ́ náà wà, wọ́n sì ju ẹyọ kan lọ. Ẹ́nsáìmù ni wọ́n, ìyẹn àwọn èròjà tí ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá kíákíá. Èyí tí a ń pè ní superoxide dismutase ni ó ń kọ́kọ́ pàdé ọ́síjìn tí ó ti ya ìgbóná, tí ó sì ń sọ ọ́ di hydrogen peroxide. Catalase àti glutathione peroxidase ni ó ń gba ìyẹn, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí kò rí oúnjẹ jẹ kò lè ṣọ́ ẹnubodè. Ẹni tí ń pèsè agbára fún wọn ni ẹ́nsáìmù kan tí orúkọ rẹ̀ gùn, tí gbogbo ayé sì ti gé kúrú sí G6PD. Láti ara ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni G6PD ti ń mú agbára yìí jáde. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara yòókù, ọ̀nà mìíràn wà tí agbára bẹ́ẹ̀ lè gbà wá. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni ó wà. Òun ni ìtàn mi dá lé.

Bí òkè òkun ṣe mọ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà

Ó pẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí. Oscar Loew ni ó fún catalase ní orúkọ rẹ̀ ní 1900. Ní 1938, Mann àti Keilin ní Cambridge yọ èròjà kan tí ó ní bàbà nínú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n díwọ̀n bàbà inú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ọdún 31 ni ó wà bẹ́ẹ̀, bí àlejò tí a mọ aṣọ rẹ̀ tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1969, ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, McCord àti Fridovich fi hàn pé èròjà bàbà yìí gan-an ni ó ń pa ọ́síjìn líle lẹ́nu mọ́. Glutathione peroxidase ní tirẹ̀ ti di mímọ̀ láti 1957, nígbà tí Mills rí i nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa.

Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta ohun èlò yàrá ìwádìí ń ta superoxide dismutase tí a yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ó máa ń wà nínú ìgò kékeré bí ẹ̀tù gbígbẹ, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé fún ìwádìí nìkan ni, kì í ṣe oògùn. Ẹni tí ó bá rí ìgò bẹ́ẹ̀ lè gbàgbé pé ara ènìyàn ni ohun inú rẹ̀ ti wá. Ìtàn G6PD kò jẹ́ kí á gbàgbé.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibà ṣe àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́ṣẹ́ púpọ̀ ní àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Ìjọba wọn wá oògùn kiri. Ní 1944, Yunifásítì Chicago àti iléeṣẹ́ ológun bẹ̀rẹ̀ ìdánwò oògùn ibà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Alf Alving ni olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ni ó yọ̀ǹda ara wọn. Ẹ jẹ́ kí á béèrè bí ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ṣe lè wí pé òun kọ̀.

Oògùn kan tí wọ́n dán wò ni primaquine. Kò ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n adúláwọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì fà lójijì. Kí ni ó fà á? Ní 1954, wọ́n sàmì sí sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn tí oògùn náà ń ṣe, wọ́n sì fà á sára àwọn tí kò ṣe. Nígbà tí wọ́n lo oògùn, sẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ àlejò nìkan ni ó bẹ́. Wọ́n tún ṣe é ní ìdàkejì, sẹ́ẹ̀lì líle kò bẹ́ nínú ara aláìlera. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi hàn pé inú sẹ́ẹ̀lì pupa fúnra rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ní 1956, Carson, Flanagan, Ickes àti Alving kéde ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú sẹ́ẹ̀lì náà: G6PD kò tó.

Ta wá ni àwọn adúláwọ̀ wọ̀nyí? Ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun ni wọ́n, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ. Nínú ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ àjèjì ni ayé ti kọ́kọ́ ka ojú ewé kan nínú ìwé tí a kọ sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e di Ìbàdàn.

Ìbàdàn

A dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, a sì ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀, UCH, ní 1957. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ ẹ́nsáìmù yìí fi dé ibẹ̀. Ní 1961, Gilles àti Taylor kọ̀wé pé àìtó G6PD wà ní Nàìjíríà. Ní 1963, Gilles àti àwọn mìíràn kọ̀wé nípa ìbátan tí ó wà láàárín àìtó ẹ́nsáìmù náà àti ibà pọ́njú tí ń ṣe àwọn ọmọ tuntun jòjòló. Iye àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò kéré: nínú àwọn ọkùnrin Yorùbá, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni G6PD rẹ̀ kò tó.

Iye yìí ni ó di àdììtú. Bí ohun kan bá ń pa ọmọ, báwo ni ó ṣe wọ́pọ̀ tó báyìí láàárín ènìyàn? Ó yẹ kí àwọn tí ó gbé e dání ti máa dín kù láti ìran dé ìran. Àfi bí ohun náà bá ń fi ọwọ́ kan gbà, tí ó ń fi ọwọ́ kejì fúnni. Àwọn ọ̀mọ̀wé fura pé ibà ni ó wà nídìí rẹ̀, nítorí pé àìtó G6PD wọ́pọ̀ níbi tí ibà bá ti wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ní 1967, Gilles, Hendrickse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ọ̀rọ̀ ibà, ti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ń dà bí dòjé àti ti G6PD yẹ̀ wò pọ̀ lára àwọn ọmọdé gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ọmọ ilé kan wé ọmọ ilé kejì yóò máa rántí pé oúnjẹ wọn kò dọ́gba, ẹ̀fọn ilé wọn kò dọ́gba, oògùn tí òbí wọn lè rà kò sì dọ́gba.

Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tí a bí ní Genoa, ni ó rí ọ̀nà àbáyọ. Ó dé Ìbàdàn ní 1964, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ìlànà tí ó lò rọrùn láti sọ. Orí kírómósómù X ni àṣẹ tí ń mú G6PD jáde wà. Ọmọkùnrin ní X kan ṣoṣo, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin ní méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Mary Lyon sì ti sọ ní 1961 pé nínú sẹ́ẹ̀lì obìnrin kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú X méjèèjì máa ń sùn. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin bá jogún X kan tí ó pé àti èkejì tí kò pé, oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì ni yóò máa rìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: àwọn tí ẹ̀ṣọ́ wọn yó, àti àwọn tí ẹ̀ṣọ́ wọn ń pebi. Ara kan náà ni, oúnjẹ kan náà, ẹ̀fọn kan náà, ibà kan náà. Kòkòrò ibà fúnra rẹ̀ ni yóò wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Luzzatto, Usanga àti Reddy gba ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ tí ibà dá wó, wọ́n kun ún ní àwọ̀ tí yóò fi oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì kà á. Kòkòrò ibà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó pé ju inú èyí tí kò pé lọ ní ìlọ́po 2 sí 80. Sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó kò gba kòkòrò náà láyè dáadáa. Ọdún 1969 ni wọ́n tẹ èsì yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọdún yẹn. 1969 kan náà ni McCord àti Fridovich tú àṣírí èròjà bàbà tiwọn ní Duke. Ní ilẹ̀ wa, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ní àyíká Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí. Àwọn òpìtàn wa ti kọ púpọ̀ lórí ogun àti lórí Àgbẹ́kọ̀yà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti fi í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé nínú ọdún rúkèrúdò yẹn, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin mélòó kan tí ibà ń ṣe ní Ìbàdàn dáhùn ìbéèrè tí ayé ti ń béèrè?

Iṣẹ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ní 1972, Bienzle, Ayeni, Adetokunbo Lucas àti Luzzatto fi hàn pé àwọn ọmọbìnrin tí ó jogún oríṣi méjèèjì ni ó ń kojú ibà jù. Ní 1985, Usanga àti Luzzatto fi hàn pé kòkòrò ibà náà gbọ́n: bí ó bá pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò pé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe G6PD tirẹ̀. Iyàn sì tún wà. Ní 1995, Ruwende àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Gambia àti Kenya, wọ́n sì rí i pé àwọn ọkùnrin tí ẹ́nsáìmù wọn kò tó náà rí ààbò lọ́wọ́ ibà líle. Bí iyàn náà ti wù kí ó lọ, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Tibi tire ni a dá ilé ayé. Ohun tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ibà ni ó ń fi í sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́ nígbà tí ewu mìíràn bá dé.

Àpótí aṣọ

Ewu mìíràn wo? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé Èkó. Victoria Garden City ni mo ń gbé, ní ẹ̀bá òpópónà tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí á tó dé Ajah. Ilé ńláńlá ni ó wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ sì ń bẹ lẹ́nu géètì. Bí ìyàwó ilé bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò wá tọ́jú ọmọ. Wọn kì í wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á gbé aṣọ tí a ti ń tọ́jú láti ìgbà ọmọ àkọ́kọ́, ìró tí a fi pọn bàbá ọmọ náà, ọ̀já tí ó ti pẹ́ nínú àpótí. Òórùn káńfọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé kí ẹrù tó wọlé. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín géètì wa àti àwọn ilé tí ó wà ní Ikota lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí èyí. Gbogbo Yorùbá ni ó ń fi káńfọ̀ lé kòkòrò kúrò nínú aṣọ.

Àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí a ń tà lọ́jà wa ní orúkọ káńfọ̀, naphthalene ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ọmọ tuntun bá mí in símú, tàbí tí ó gba ara rẹ̀ wọlé, ara yóò sọ ọ́ di ohun tí ń jẹ sẹ́ẹ̀lì pupa bí ọ́síjìn líle ti ń jẹ ẹ́. Ọmọ tí G6PD rẹ̀ pé lè máa rí i kójá. Ọmọ tí tirẹ̀ kò tó, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò máa bẹ́. Ohun tí ó jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì tí ó bẹ́ ni ó ń sọ ara di pípọ́n, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lágbára láti kó o kúrò. Bí ó bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ. Ọmọ náà lè kú. Bí kò bá kú, ó lè di adití, ó sì lè má lè jókòó tàbí kí ó rìn láéláé.

Àwọn oníṣègùn wa ti sọ èyí tipẹ́. Ní 1980, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti ní Èkó kọ̀wé lórí ewu menthol fún àwọn ọmọ tuntun tí G6PD wọn kò tó. Ransome-Kuti yìí kan náà ni ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Ní 1989, Owa ní Ilé-Ifẹ̀ tún gbé ọ̀rọ̀ àwọn ohun tí ń fa ibà pọ́njú lára ọmọ tuntun jáde. Ìwòsàn náà sì wà. Láti 1958, nígbà tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ilé ìwòsàn Rochford ní Ẹ́ńgílándì, ni a ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń wo ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Iná mànàmáná wa tí kò dúró ni ó sọ èyí di ìṣòro. Ní 2015, Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n fi ìbòrí tí ń sẹ́ oòrùn bo àwọn ọmọ, kí ìmọ́lẹ̀ tí ń wòsàn lè wọlé, kí èyí tí ń pani lára má wọlé. Nínú ọjọ́ tí wọ́n fi tọ́jú wọn, ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Iná ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́ ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe pé kí á gbé ọmọ sójú oòrùn lásán o. Oòrùn tí a kò sẹ́ lè jó ọmọ.

Èdè àti ojú ọmọ

Bí ìmọ̀ bá ti wà láti ọdún púpọ̀ tó báyìí, kí ni ó dé tí káńfọ̀ ṣì wà nínú aṣọ ọmọ? Ìdáhùn mi ni pé èdè mìíràn ni ìmọ̀ náà ń sọ. Àwọn ìwé tí mo dárúkọ wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Ìyá àgbà tí ó di aṣọ náà kò lè kà wọ́n.

Kì í ṣe pé èdè wa kò lágbára. Ẹ wo orúkọ náà, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Àmì méjì ni àwọn baba wa so pọ̀, àmì méjèèjì sì ni ó máa ń jáde nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ń bẹ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n Stateville ìbá mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ. Àwọn tí kò ní ẹ̀rọ kankan ti fi ojú ríran dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n èdè kan náà lè bo ojú. Pípọ́n wà nínú ẹwà lójú Yorùbá. A ń kí ẹni tí ó bá mọ́ra pé apọ́nbéporẹ́. Bí ọmọ tuntun bá wá ń pọ́n sí i ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, àwọn tí ó wá kí ìyá ọmọ yóò máa wí pé ọmọ yìí mà pọ́n o, inú ìyá yóò sì máa dùn. Oríkì ẹwà di ìbòjú àrùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oríkì kò gbọdọ̀ gbọ́ èyí kí ó dákẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń wí pé funfun ojú ni kí á máa wò, kì í ṣe ara nìkan. Bí funfun ojú bá pọ́n, kí á gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

A ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Láti 1970 ni Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, títí kan sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, Bamgbose ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, tí ó fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè àti ti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a ń lò dòní. Mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa bá àwọn oníṣègùn jókòó, kí á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀. Ní tèmi, mo dábàá pé kí á máa pe àìtó G6PD ní àìtó ẹ̀ṣọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní orúkọ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá.

Ìkádìí

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn ẹ́nsáìmù yìí gba Cambridge àti Duke kọjá, ó gba inú ẹ̀wọ̀n Illinois kọjá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni a ti mọ ìdí tí ó fi wà lára wa. Mo sì ti fi hàn pé ìmọ̀ náà kò tíì parí ìrìn-àjò rẹ̀, nítorí kò tíì dé ibi tí ọmọ tuntun wà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí a jókòó níbí ni àgbà ọjà yìí. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ibí yìí lọ kí abiyamọ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún un ní Yorùbá tí ó yé e. Kí ó má ṣe fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Èyí tí ó bá ti wà nínú káńfọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sá a títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá, kí ó tó fi kan ọmọ lára. Kí ó sì máa wo funfun ojú ọmọ ní òwúrọ̀, nínú ìmọ́lẹ̀.